Máníjà Onígààrí Pọ́ọ́kú

Mo dúró ra ẹ̀wà ní ọjà Santana nígbà tí ọkùnrin kan ń bẹ ìyá onígààrí tó wà níwájú mi pé kó fún òun ní igun kan nínú ìsọ̀ rẹ̀, pé òun náà fẹ́ máa ta gààrí.

"Máníjà," ni ìyá náà wí, "ilé-iṣẹ́ yín tó ń ta gààrí lórí fóònù ńkọ́?"

"Ó ti kógbá sílé, Mọ́mì. Nígbà tí èlé orí owó tí àwọn òyìnbó tó ń gbówó fún wa ń yá ṣì kéré, wọ́n ní ká ṣáà máa tà á ní pọ́ọ́kú, kí èrò lè pọ̀. Ìgbà tí èlé lọ sókè, wọ́n ní èrè dà."

"Gààrí yín pọ́ọ́kú ju toko lọ. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti ń rà á wá tà níbí."

"Ẹ̀yin ni oníbàárà wa tó tóbi jù yẹn? Orúkọ yín la fi ń han òyìnbó pé ọjà ń tà."

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Owó tí kò rẹ ẹni tó ń ná an kó tó rí i kì í dúró sinmi." Ó tún un sọ, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò, ó wá sún àpótí kan fún un.

"Jókòó. Ṣùgbọ́n iye tí o bá ra gààrí, jọ̀wọ́, tà á jù bẹ́ẹ̀ lọ."