Làálì Kì Í Rìn: Ọ̀rọ̀ Gìgísẹ̀ Ìyá Mi

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ilé ìwòsàn dá ìyá mi padà sílé pẹ̀lú jẹjẹrẹ ní gìgísẹ̀, wọ́n ní làálì ni.

Allahu Akbar! Ẹ bá mi gbé Ọlọ́hun tóbi, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi nínú àsàlátù yìí! Allahu Akbar! Ẹni tí wọ́n dá padà náà nìyẹn, wọ́n jókòó sí ìlà kejì, wọ́n ń fi ìbòrí bo ẹnu, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ yìí ni wọ́n kìlọ̀ fún mi pé, "Rahmatu, má lọ bínú níwájú àwọn èèyàn o." Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè lónìí. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé kí ìbínú má baà jẹ́ kí n gbàgbé ohun kan.

Gbogbo yín lẹ mọ Alhaja Sidikatu, ìyá mi. Ìyàwó Yorùbá wo ni wọ́n mú wọlé ọkọ ní àdúgbò Boukoki níbí tàbí ní Zongo tí kò na ọwọ́ sí wọn rí? Àwọn Zarma aládùúgbò wa náà ń wá. Láti ìgbà tí wọ́n ti Ìlọrin dé ìlú yìí, tí wọn ò tíì bí mi, ni wọ́n ti ń lé làálì fún èèyàn. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ibi àlùwàlá ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi ń da omi búútà sí ẹsẹ̀ òsì, wọ́n rí àmì dúdú kan ní gìgísẹ̀, kò tó èékánná àtàǹpàkò. Wọ́n fi kànìnkànìn ha á. Kò lọ. Wọ́n pè mí: "Wá wo làálì ọdún Iléyá tó kọ̀ tí kò ṣí." Èmi tí mo lọ sí yunifásítì, èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ lísé, ilé ẹ̀kọ́ girama, nípa ẹ̀jẹ̀ àti awọ ara, mo bẹ̀ ẹ́ wò, mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màmá, iṣẹ́ yín ti dára jù, ó ti di ara." Ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìyẹn. Astagfirullah! Nígbà tí mo bímọ, tí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé, a ní ìyá àgbà kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ lásán gbọmọ. A lé làálì dúdú mìíràn lé e lórí. Nítorí náà, tí mo bá ń ka ẹjọ́ àwọn ẹlòmíràn, ẹ mọ̀ pé orúkọ tèmi ló ṣáájú.

Nígbà tó yá, ojú ibẹ̀ là, ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Omi àlùwàlá ń pọ́n. A lọ sí ilé ìwòsàn àdúgbò. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ kò dìde lórí àga. Ó na ọrùn, ó wo ẹsẹ̀ láti òkèèrè bí ẹni ń wo ọ̀gbun.

"Hajiya, làálì ni. Ẹ lọ ní sùúrù kó ṣí. Sai hankuri."

Ìyá mi ní sùúrù. Wọ́n ní sùúrù oṣù kan àtààbọ̀. Àmì náà kò ṣí, ńṣe ló ń wú.

A lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Dókítà ọ̀dọ́ kan ló gbà wá. Ìyá mi sọ fún un pé, "Ọmọ mi, iṣẹ́ mi ni làálì. Eléyìí kì í ṣe làálì." Èmi wá bi í ní Faransé bóyá kì í ṣe jẹjẹrẹ awọ ara. Ó rẹ́rìn-ín! Ó ní, "Màdáàmù, àrùn àwọn òyìnbó nìyẹn. Awọ dúdú kì í ní in. Àbí oòrùn ń ràn lábẹ́ ẹsẹ̀ ni?" Kò fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sórí káàdì ìyá mi: làálì. Káàdì náà rèé lọ́wọ́ mi. N kò ní jù ú nù láéláé.

Mo sunkún délé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Ọlọ́hun fi sínú orí ìyá mi. Subhanallahi! Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ní, "Ṣé wọ́n ní àwọn mọ làálì jù mí lọ? Ó dáa." Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, wọ́n po làálì pupa, wọ́n ṣẹ́ ẹyọ ọwọ̀ kan lára ìgbálẹ̀, wọ́n ní kí n gbé ẹsẹ̀ àwọn sórí itan mi. Wọ́n wá ń wo gìgísẹ̀ náà nínú dígí, wọ́n fa ìlà tín-ín-rín yí etí àmì dúdú náà ká. Wọ́n fa irú rẹ̀ sí gìgísẹ̀ ọ̀tún.

Mo ní, "Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe?"

Wọ́n ní, "Làálì kì í rìn. Ńṣe ló máa ń ṣá. Jẹ́ ká wo èyí tó máa rìn."

Ní Jímọ̀ kẹta, ìlà méjèèjì ti ń ṣá lọ. Inú ìlà ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ tónítóní. Ní ẹsẹ̀ òsì, àmì dúdú ti fo ìlà kọjá ní ọ̀nà méjì. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́, mo kọ ọ́ sílẹ̀.

A gbọ́ pé dókítà awọ ara kan, obìnrin, ọmọ Zarma, ń wá sí ilé ìwòsàn ńlá náà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tó kàn wá, dókítà yìí kúnlẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, ó kúnlẹ̀! Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbé ẹsẹ̀ ìyá mi lọ́wọ́. Ó wò ó títí.

"Ta ló fa ìlà yìí?"

"Èmi ni, ọmọ mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Inú ìlà ló wà tẹ́lẹ̀."

Dókítà gbé ojú sókè, omi ti lé sí i lójú. Ó ní, "Màmá, ẹ ti bá wa ṣe iṣẹ́ wa." Lọ́jọ́ náà gan-an ló gé ẹran kékeré níbẹ̀, ó fi sínú ìgò, ó kọ orúkọ sí i, ó fi lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ kí wọ́n gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Èsì yóò dé lọ́sẹ̀ méjì.

Ọ̀sẹ̀ méjì pé. "Kò tíì dé. Hankuri, Hajiya." Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. "Hankuri." Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án! A kì í bá dókítà níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti rán an lọ ṣiṣẹ́ ní ìgbèríko. A ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ fọ́tò àwọn tó ń díje fún ìbò, ẹgbẹ́ òṣèlú mẹ́rin lára ògiri kan, gbogbo wọn ń ṣèlérí ìlera.

Orí bẹ́ǹṣì yẹn la ti mọ Balkissa, àfín ni, ó ń rán aṣọ ní àdúgbò Lazaret. Egbò wà lẹ́yìn etí rẹ̀. Òun náà ń retí èsì, tirẹ̀ sì ti pẹ́ ju tiwa lọ. Lọ́jọ́ kan ó sọ fún ìyá mi ní Hausa pé, "Màmá, wọ́n ní èmi funfun jù, wọ́n ní ẹ̀yin dúdú jù. Ta gan-an ni wọ́n wá ń tọ́jú?" Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ìbòrí fi bọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti sọ ọ́ di ọmọ. Ìbòrí tó tóbi jù nínú àpótí wọn, orí rẹ̀ ló wà báyìí nítorí oòrùn.

Mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwòsàn. Orúkọ àwọn méjèèjì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí a wá àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún wa. Akọ̀wé rẹ̀ kọ̀, kò lù ú ní òǹtẹ̀ pé ó ti gbà á. Ó ní ká fi sílẹ̀, ká máa lọ.

Ìyá mi ní, "Má yọ ara rẹ lẹ́nu, ọmọ mi, a ò kánjú. Mo mú búútà mi wá."

Wọ́n ṣe àlùwàlá lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀. Wọ́n kírun Ṣùhúrì, ìrun ọ̀sán, níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún na ọwọ́ sí búútà fún Àsárì ìrọ̀lẹ́, akọ̀wé lu òǹtẹ̀! Alhamdulillahi! Ọlọ́hun ṣe é, dókítà wa dé láti ìgbèríko lọ́sẹ̀ yẹn kan náà. Ó ka ẹ̀dà lẹ́tà náà. Ó mú wa lọ tààrà sí yàrá òṣìṣẹ́ tó fi ìgò lé lọ́wọ́, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ìgò mẹ́jọ! Ti ìyá mi wà níwájú, ti Balkissa wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí èyí tó kúrò níbẹ̀ rí.

Dókítà béèrè ìdí. Òṣìṣẹ́ ní, "Fọ́ọ̀mù wọn ò pé. Ó ku kí ọ̀gá fọwọ́ sí i."

"Níbo ni ọ́fíìsì ọ̀gá wà?"

Ó nawọ́ sí i. Ìṣísẹ̀ mọ́kànlá ni. Mo rìn ín, mo kà á.

Èsì dé kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí: jẹjẹrẹ ni, àmọ́ kò tíì kúrò ní gìgísẹ̀. Wọ́n gé e, wọ́n bu awọ itan lẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n tó gbé ìyá mi wọlé, wọ́n di dókítà iṣẹ́ abẹ lọ́wọ́ mú, wọ́n ní, "Ẹ rọra o. Ẹsẹ̀ yìí ló gbé mi yí Kaaba ká, kò sì tíì sọ pé ó rẹ òun." Dókítà náà rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ bojú wẹ̀yìn, ẹ wo ìlà kejì! Wọ́n fi ẹsẹ̀ wọn rìn wá síbí. Wọ́n ń lọ fún àyẹ̀wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kò sì sí ohun tó padà wá. Wọ́n ti gé ti Balkissa náà, ó sì san. Alhamdulillahi! Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá. Dókítà tó kúnlẹ̀, fofo, bí àwọn Zarma ṣe ń dúpẹ́, Ọlọ́hun á gbé ẹ ga.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú irú rẹ̀, ẹ má rẹ̀wẹ̀sì. Kí ẹ tó lé làálì, ẹ kọ́kọ́ wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín. Tí wọ́n bá ní ẹ lọ dúró, ẹ béèrè títí di ọjọ́ wo, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

N kò tíì jókòó. Ìgò mẹ́jọ la bá, méjì ti kúrò. Mo kọ lẹ́tà mìíràn, òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀, èsì kò dé. Nítorí náà, níwájú gbogbo ìjọ yìí, mò ń bi ọ̀gá ilé ìwòsàn náà, mò ń bi mínísítà ìlera, mò ń bi ẹ̀yin tí ẹ lẹ fọ́tò mọ́ ògiri: ìgò mẹ́fà tó kù, ti ta ni? Ta ló ti lọ sílé wọn lọ sọ fún wọn? Ṣé wọ́n ṣì wà láyé láti gbọ́ ọ? Ẹ dá mi lóhùn.