Ọwọ́ Ọ̀tún Ọmọ Mi Kò Jẹ̀bi

Òtítọ́ tí mo ti jókòó lé fún oṣù mẹ́tàlá, mo fẹ́ dìde kúrò lórí rẹ̀ lónìí. Mo ti bẹ olùkọ́ni yín pé kó ka ìwé yìí sókè nínú yàrá ìpàdé ẹgbẹ́ wa, níbi tí ẹ̀yin òbí máa ń jókòó sórí àga, tí àwọn ọmọ máa ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nítorí pé inú yàrá yẹn gan-an ni ẹ ti gba irọ́ mi gbọ́. Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí. Èmi ni baba ọmọbìnrin tí ẹ ń pè ní Ìjì, èmi náà ni mo ń tún kẹ̀kẹ́ yín ṣe. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, ẹ ní kí n wá bá àwọn òbí tuntun sọ̀rọ̀ lórí bí èèyàn ṣe ń gbárùkù ti ọmọ tó fara pa nínú ìje, títí tí ọmọ náà fi máa padà sórí òkè. Mo wá, mo sọ̀rọ̀, ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba àtẹ́wọ́ yẹn padà lọ́wọ́ mi.

Ọmọ mi kò ṣi bíréèkì tẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣubú. Èmi ni mo gbé bíréèkì rẹ̀ sí òdì. Ẹ má tíì ní kí wọ́n dá ìwé náà dúró o, èyí kọ́ ló burú jù nínú rẹ̀.

Fún ẹni tí kò gun irú kẹ̀kẹ́ yìí rí, ẹ jẹ́ kí n là á. Kẹ̀kẹ́ ìje orí òkè ní bíréèkì méjì. Nínú ẹgbẹ́ wa, ọwọ́ òsì la fi ń tẹ ti ẹ̀yìn, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń tẹ ti iwájú. Èèyàn lè tẹ ti ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ gidi lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìdí kẹ̀kẹ́ á kàn yọ̀ díẹ̀. Ti iwájú ló ń dá eré dúró jù, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ la fi ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ pa lójijì, táyà iwájú á dúró, ìyókù kẹ̀kẹ́ ò ní dúró, èèyàn á sì fi orí sọlẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ inú ẹgbẹ́ yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe fún ọdún mọ́kàndínlógún, ṣé mi ò wá mọ̀ ni?

Lọ́sẹ̀ ìdíje yẹn, àwọn àlejò mọ́kànlá kan kó kẹ̀kẹ́ wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Níbi tí wọ́n ti wá, ọwọ́ òsì ni bíréèkì iwájú máa ń wà. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi ń tú kẹ̀kẹ́ wọn, tí mò ń dè é, gbogbo rẹ̀ lódìkejì tiwa. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, Ìjì lọ dán ọ̀nà wò, ó ṣubú díẹ̀, nǹkan kan ò ṣe é, àmọ́ háńdù kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tẹ̀. Mo ní háńdù tuntun nínú àpótí. Mo tú bíréèkì méjèèjì kúrò lára èyí tó tẹ̀, mo dè wọ́n mọ́ tuntun, bóòtù méjì sí ọ̀tún, méjì sí òsì, bí wọ́n ṣe ń pe nọ́ńbà rẹ̀ lẹ́nu gété tí ìje ti ń bẹ̀rẹ̀. Ojú mi wà lára aago. Ọwọ́ mi wá ṣe ohun tó ti ń ṣe láti ọjọ́ mẹ́rin. Ìlànà wa ni pé ẹni tó bá tún kẹ̀kẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ tẹ bíréèkì kọ̀ọ̀kan, kó yí táyà wò, kó tó fọwọ́ sí káàdì àyẹ̀wò. Mo fọwọ́ sí káàdì láìtẹ ẹyọ kan. Ọmọ mi bi mí pé ṣé mo ti wò ó. Mo ní mo ti wò ó. Baba tó ń ṣọ́ gété, tó yẹ kó tún un tẹ̀, rí i pé èmi ni mo fọwọ́ sí i, ó ní kó máa lọ.

Láti ẹnu gété títí dé kọ́nà olókùúta, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wa kẹ̀kẹ́, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan bíréèkì. Kọ́nà yẹn ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ ti òsì bí olùkọ́ni ṣe kọ́ ọ, ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa, mo sì rí ọmọ mi tó fò kọjá lórí kẹ̀kẹ́ bí ìgbà tí wọ́n ju ẹrù. Egungun itan rẹ̀ dá sí méjì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èmi, kẹ̀kẹ́ ni mo gbé. Títí dòní ni ọ̀rọ̀ yẹn ń ya èmi fúnra mi lẹ́nu: ọmọ mi ń ké nílẹ̀, irin ni mo lọ gbé. Mo tẹ bíréèkì òsì, táyà iwájú dúró gbagidi. Mo tún un tẹ̀, mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí. Mo gbé kẹ̀kẹ́ lọ sẹ́yìn àgọ́ ẹgbẹ́ wa, mo tú bóòtù mẹ́rin, mo sì dá bíréèkì padà sí ibi tó yẹ kó wà. Mò ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sí ọsibítù, sípánà sì wà lọ́wọ́ mi. Baba tó ń ṣọ́ gété bá mi níbẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹni jẹ́jẹ́, tó fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ pínpín lẹ́tà. Ó wo sípánà, ó wo ojú mi, ó ní, "Bàbá Ìjì, mi ò rí nǹkan kan o. Ìwọ náà ò sì rí mi." Bí a ṣe di bò-mí-láṣìírí-kí-n-bò-ọ́ nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ tirẹ̀ mọ́ tèmi.

Olùkọ́ni yẹ kẹ̀kẹ́ náà wò nírọ̀lẹ́, ó bá a bó ṣe yẹ. Ó mí kanlẹ̀, ó ní ẹ̀rù ló ba ọmọ náà, ó ti fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ ti iwájú níbi tó yẹ kó fi òsì tẹ ti ẹ̀yìn. Mi ò ní bẹ́ẹ̀ ni, mi ò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo rò pé nígbà tí mi ò ti sọ̀rọ̀, mi ò tíì parọ́. Ẹ ò rí i bí àgbàlagbà ṣe ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Irọ́ gidi, ọjọ́ kẹta ni mo pa á, nínú ọsibítù. Wọ́n ti fi irin sí itan rẹ̀. Ó lajú, ara rẹ̀ balẹ̀, ó sì sọ ọ́ ketekete: "Òsì ni mo tẹ̀. Dádì, òsì ni mo tẹ̀, mo mọ̀." Ìyá rẹ̀ yíjú sí mi. Tí mo bá ní nǹkan kan láti sọ láyé mi, ìgbà yẹn ni. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fọwọ́ pa á lórí, mo ní, "Ọmọ mi, tí ẹ̀rù bá bani, èèyàn kì í mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Kò sẹ́ni tó ń bá ẹ wí." Ohùn mi rọ̀ débi pé èmi fúnra mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó wò wọ́n títí. Ó wá ní, "Bóyá." Ọmọ tó mọ òótọ́ ni, èmi baba rẹ̀ ni mo gbà á lẹ́nu rẹ̀, tí mo fún un ní bóyá.

Gbogbo ohun tí ẹ yìn mí fún lẹ́yìn ìyẹn, mo ṣe é lóòótọ́. Mo pọ̀n ọ́n gun àtẹ̀gùn ilé wa fún ọ̀sẹ̀ méje. Mo kó irin àlòkù jọ, mo fi ṣe kẹ̀kẹ́ tí kì í kúrò lójú kan, kó lè máa fi ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, níwájú mi. Obìnrin tó ń kọ́ ọ bó ṣe máa ká orúnkún sọ pé òun ò rí irú baba yìí rí. Ìyàwó mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń pè mí ní Nọ́ọ̀sì. Mo nífẹ̀ẹ́ ọmọ mi, ẹ má ṣiyè méjì nípa ìyẹn, àmọ́ ẹ̀bi ló ń jí mi láàárọ̀.

Bí ẹsẹ̀ ṣe ń san, ọwọ́ ló ń ṣàìsàn. Ó kọ́kọ́ ní òun ò ní fi ọwọ́ ọ̀tún gbé omi gbígbóná mọ́. Lẹ́yìn náà, kò fi gbé ife. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀ tí ojú rẹ̀ kì í fo ọ̀nà abẹ́rẹ́, ṣí ìwé iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀, ó bá ìkọ̀wé wíwọ́ jákujàku bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Ó bi í léèrè. Ọmọ náà ní òun ń kọ́ ọwọ́ òsì, nítorí òun ò fọkàn tán èkejì mọ́. Mo gbọ́. Mo wà nídìí tábìlì, mò ń jẹun, mo sì jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí olùkọ́ni ní kó wá bá àwọn ọmọ kékeré sọ̀rọ̀, ẹ rántí bó ṣe dìde nínú yàrá yín yẹn, tó na ọwọ́ ọ̀tún sókè bí olè tí wọ́n mú, tó ní ọwọ́ yìí ló jù mí, ẹ má jẹ́ kí tiyín jù yín. Ẹ pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, mo tiẹ̀ pa á ju tiyín lọ.

Mo ti dé ibi tí mò ń sá fún. Láàárọ̀ ọjọ́ tó padà sí ìdíje, dókítà ti ní egungun rẹ̀ ti jinná, olùkọ́ni ti gbà, ìyá rẹ̀ ti gbàdúrà. Ó wọ àgọ́ wá bá mi pẹ̀lú téèpù dúdú tí mo fi ń yí háńdù. Ó ní, "Dádì, ẹ bá mi di ìka ọ̀tún mi pọ̀, kó má baà lè tẹ̀ ẹ́ lójijì." Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè fi bíréèkì ẹ̀yìn nìkan sọ̀kalẹ̀ òkè yẹn. Òun náà mọ̀, àmọ́ ìbẹ̀rù ọwọ́ ara rẹ̀ ti ju ìmọ̀ lọ. Tí mo bá kọ̀, á bi mí ní ìdí. Tí mo bá sọ ìdí, gbogbo rẹ̀ á tú. Mo bá mú téèpù, mo di ìka méjì pọ̀ mọ́ra, mo yí i ká oríkèé wọn lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n má lè ká. Ẹ mọ̀ mí, tí mo bá di nǹkan, kì í tú. Ó ní, "Ẹ ṣé, Dádì." Mo tẹ bíréèkì rẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́ta lọ́jọ́ yẹn, mo yí táyà, mo fọwọ́ sí káàdì. Kò sí ohun tó ṣe kẹ̀kẹ́ náà.

Nígbà tó dé kọ́nà olókùúta, ó nílò ti iwájú. Ìka rẹ̀ ò lè ká. Ti ẹ̀yìn nìkan ń yọ̀, kẹ̀kẹ́ ń sáré sí i, ó já okùn tí wọ́n fi pààlà, ó sì wọ inú igbó lọ nísàlẹ̀. A ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Mo sáré lọ, mi ò mọ bí ẹsẹ̀ mi ṣe ń kan ilẹ̀. Mo bá a tó jókòó sílẹ̀. Akoto rẹ̀ ti là, ẹ̀jẹ̀ ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀. Ó tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún sórí gbòǹgbò igi, ó fi òsì mú òkúta, ó sì ń lu ọwọ́ náà bí ẹni ń kan ìṣó. Kò sunkún. Ó gbójú sókè, ó rí mi, ó ní, "Ó tún ṣe é, Dádì. Mo dè é, ó sì tún ṣe é."

Mo gba òkúta náà. Mi ò rò ó, mi ò wá ọ̀rọ̀, ẹnu mi ló kàn ṣí. Mo ní, "Èmi ni. Èmi ni mo gbé bíréèkì sí òdì. Òsì lo tẹ̀." Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ó bi mí pé ìgbà wo ni mo ti mọ̀. Mo ní kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù lọ́jọ́ yẹn. Ìyá rẹ̀ àti olùkọ́ni ti dé ẹ̀yìn mi. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, àwọn ló yíjú sí, ó ní, "Mo sọ fún yín. Mo sọ pé òsì ni." Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀, ó fi eyín já téèpù kúrò. Ìka méjì ti fọ́, kì í sì í ṣe ìṣubú ló fọ́ ọ.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa lé e bá. Ẹ má fi òwe yẹn tu ara yín nínú. Tèmi ò tó ọdún méjì, ó sì ti jẹ ọwọ́ ọmọ kan kí òtítọ́ tó dé. Mi ò bẹ̀ yín fún ara mi. Kọ́kọ́rọ́ àpótí irinṣẹ́ ẹgbẹ́ ti wà lọ́wọ́ olùkọ́ni. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ sọ fún Ìjì, lójú gbogbo èèyàn, pé ohun tó sọ lọ́jọ́ kẹta yẹn, òótọ́ ni. Kí ẹ sì sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ kékeré tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kọ́ láti máa bẹ̀rù ọwọ́ ara wọn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ tèmi: bí ẹ bá mọ ohun tí ẹ ṣe, tí àgbà kan wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún yín pé ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ tún un sọ. Kódà kí àgbà náà jẹ́ baba yín.

Dókítà ní ìka rẹ̀ á jinná láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìjì ní òun máa padà sórí òkè náà, ó sì ti bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ tó máa bá òun mójú tó kẹ̀kẹ́. Fún ọjọ́ mọ́kànlá, kò dá mi lóhùn nínú ilé. Lánàá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, ó gbé ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì dì lé àyà, ó sọ ọjọ́ ìdíje tó máa padà sí fún mi. Inú mi ti ń dùn. Ó wá ní, "Ẹ má wá." Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò ní lọ.