Ìyàwó Mi Tó Ń Rẹ́rìn-ín Nínú Fídíò Yín

Mi ò jókòó! Mo ní mi ò jókòó, Ìyáàfin Májẹ́kódùnmí, ẹ jẹ́ kí àga yín wà níbi tó wà, ìdúró ni n óò wà títí ẹ ó fi sọ fún mi ohun tí ẹ rí tí ẹ fi ń gbé fídíò kiri pé ara Àrìnpé ìyàwó mi ti yá, pé ó ti padà sídìí ẹ̀wà tó ń tà ní Bódìjà, pé ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín! Ẹni tí a ti sin!

Háà. Ẹ ò mọ̀? Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Ta lẹ bi?

Ẹ gbọ́, èmi kì í ṣe aláìmoore. Ẹgbẹ́ yín ló sanwó iṣẹ́ abẹ ọyàn rẹ̀ nígbà tí èmi ò ní, Ọlọ́run á san án fún yín. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé láti ọsibítù, òótọ́ ni. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ padà sọ́jà lẹ gbé kámẹ́rà dé, ẹ ní kó bu ẹ̀wà sí kóńgò, ó bù ú, ẹ ní kó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ tún padà wá? Jẹjẹrẹ náà padà wá ní tiẹ̀ o.

Kí lẹ wí? Pé ohun tí àwọn tó ń fún yín lówó ń béèrè kò ju iye ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ tó sì lọ sílé láàyè? Ó dáa. Ọ̀rọ̀ tiwa ò parí síbẹ̀, ìyáàfin.

Bó bá ṣe tèmi nìkan ni, ǹ bá ti jókòó jẹ́ẹ́ sílé mi ní Agbowó. Ìyá rẹ̀ wà ní Ìgbòho. Màmá ti darúgbó, àyà rẹ̀ ò gba ìjayà mọ́, Àrìnpé nìkan ló sì kù fún un. Ẹbí ní kí a má tí ì sọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, a kì í túfọ̀ ọmọ fún ìyá lórí fóònù, àgbà ló ń lọ, wọ́n á ká a mọ́lé láàárọ̀ kùtù, wọ́n á jókòó tì í. Bó bá ti pè, èmi á ní ọmọ yín ń gba ìtọ́jú, Màmá, dókítà ò fẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ wo irọ́ tí mo ń pa! Ọ̀sẹ̀ yìí ni wọ́n fẹ́ lọ, ni fídíò yín bá dé Ìgbòho. Ìyàwó pásítọ̀ rí i lórí fóònù, ó fi han Màmá. Màmá jó! Wọ́n ní ó jó yí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi ká, obìnrin tí kì í dìde láìsí ọ̀pá.

Àwọn àgbà tó fẹ́ lọ ti fà sẹ́yìn. Wọ́n ní àwọn ò lè gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

Ẹ ní kí ni? Bí ẹ bá yọ fídíò náà, àwọn olówó á ní ẹ parọ́, wọn ò ní gba ìyókù gbọ́, àwọn obìnrin tó ń dúró de iṣẹ́ abẹ á jìyà? Ṣé torí kí wọ́n lè gbà yín gbọ́ ni ìyàwó mi ṣe máa rẹ́rìn-ín títí láé? Ẹ kú iṣẹ́! Àwọn pásítọ̀ ń gbààwẹ̀ títí, wọn ò rí òkú jí, ẹ̀yin jókòó sí ọ́fíìsì yín ní Ring Road yìí, ẹ fi kámẹ́rà jí i. Ẹ sọ fún wọn pé ó lọ sílé, ó rẹ́rìn-ín, ó sì kú. Bóyá wọ́n á tún fún yín lówó, bóyá wọn ò ní fún yín. Mi ò mọ̀. Mi ò mọ nǹkan kan mọ́.

Ẹ ń sunkún? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sunkún, èmi gan-an ò tí ì sun tèmi. Màmá ti wọkọ̀ láti Ìgbòho láàárọ̀ yìí, ó gbé èlùbọ́ dání fún ọmọ rẹ̀, yóò sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì Mọníyà kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ó ní kí n mú Àrìnpé dání wá pàdé òun. Ṣé ẹ gbọ́? Kí n mú un dání.

Ẹ nujú, ẹ dìde. Mi ò bá yín ja ìjà fídíò mọ́, ẹ yọ ọ́, ẹ fi í sílẹ̀, èwo ló kàn mí! Ẹ̀yin lẹ sọ fún un pé ara ọmọ rẹ̀ yá, ẹ wá bá mi sọ ìyókù. Ẹ kàn dúró tì mí. Bí ẹnu mi bá kọ̀, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́. Ọlọ́run ń gbọ́, ẹnu mi ò ní gbé e. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.