Bí Kòtẹ́milọ́rùn Ṣe Fi Oṣù Mẹ́ta Kún Ẹ̀wọ̀n Ẹ̀gbọ́n Mi

Ògo! Ẹ̀yin ará, ẹ gbé e sókè sí i: ògo! Ògo ni fún Ẹni tó gbé orí lé ọrùn èèyàn, tó sì jẹ́ kó ṣeé mì! Ẹ bá mi kí orí mímì. Ìwọ orí tí ń mì bí ẹni pé o gbọ́, ọba láàárín gbogbo ẹ̀yà ara! Ẹsẹ̀ ń rìn, ó ń rẹ̀ ẹ́. Ahọ́n ń sọ̀rọ̀, ó ń ṣì í sọ. Ìwọ nìkan lo gbọ́ Faransé láìkọ́ ọ. Òyìnbó sọ̀rọ̀ títí, o mì lẹ́ẹ̀kan péré, o di ọ̀mọ̀wé. Gbogbo Lomé dúró lórí rẹ! Mo rí i pé àwọn kan ti ń mi orí níwájú mi báyìí. Ẹ ṣeun.

Ẹ̀rí mi kò gùn. Ẹ̀gbọ́n mi Làmídì, ọmọ ìyá mi, tó ń ta aṣọ ní ọjà Adewui, òun ló kó sí wàhálà. Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n ó tẹ̀lé mi wá dúpẹ́ lónìí, ó wà ní ìjókòó ẹ̀yìn níbẹ̀ yẹn. Ẹ kí i káàbọ̀. Ọlọ́run ṣeun!

Ohun tó ṣe kò ju pé ó fi àtàǹpàkò tẹ ìwé kan lọ. Àwọn ará ìlú ló kọ ọ́ sí àwọn ìjọba òkè òkun tó fi ilẹ̀ wa sí ọwọ́ Faransé pé kí wọ́n bá àwọn tọ́jú rẹ̀. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ nínú rẹ̀ pé kí wọ́n máa gbọ́ ẹjọ́ èèyàn kí wọ́n tó tì í mọ́lé. Nígbà tí kọmandá, òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè wa, gbọ́ nípa ìwé náà, ó ti Làmídì mọ́lé láìgbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ó ní ó ń da ìlú rú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n gbé e wá sí kóòtù. Ta ni adájọ́? Kọmandá náà ni. Àgbààgbà méjì jókòó tì í pé àwọn bá a dá ẹjọ́. Kò sí èyí tó gbọ́ Faransé nínú wọn. Ògbufọ̀ wá láti ìhà Atakpamé, èdè Ifẹ̀ ti ìhà ibẹ̀, ìbátan Yorùbá, ló ń sọ nílé, Faransé rẹ̀ sì ń gba imú jáde dáadáa. Èmi jókòó ní ìlà kejì, mo wọ ẹ̀wù òtútù onírun tó ń jó mi lára, mo gbé akẹtẹ̀ funfun lé itan. Èmi tí mo kàwé dé ìlú Faransé.

Kọmandá ní kí ó lọ fọ́ òkúta fún oṣù mẹ́ta lójú ọ̀nà tí wọ́n ń là lọ sí òkè. Àwọn àgbààgbà méjèèjì mi orí.

Ẹ̀rù kò ba Làmídì. Bàbá wa wá láti ìhà Èkó, ó sì ti kọ́ wa pé lọ́hùn-ún, bí ìdájọ́ bá burú, gbólóhùn kan ni èèyàn máa ń sọ, ẹjọ́ náà á sì gòkè lọ bá adájọ́ àgbà. Làmídì na ọrùn, ó sọ ọ́ ketekete: "Kò tẹ́ mi lọ́rùn."

Ògbufọ̀ wò ó. Ìdí oúnjẹ ló ti mọ ọ̀rọ̀ yẹn, kì í ṣe kóòtù. Ó yíjú sí kọmandá, ó ní: "Ó ní kò tó òun."

Kọmandá gbé ojú sókè. "Oṣù mẹ́ta kò tó o?"

"Wí, mọsíe kọmandá. Bẹ́ẹ̀ ni, kò tó o."

Kọmandá wo yíká, ó béèrè bóyá ohun tí ọkùnrin yìí sọ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ta kò ó. Ó ní: "Ó dára. A kì í fi ebi pa àlejò níbí. Ẹ kọ oṣù mẹ́fà."

Ògbufọ̀ wá sọ fún Làmídì pé: "Ọ̀gá ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ."

Inú Làmídì dùn. Ó mi orí. "Ẹ ṣeun o, ọ̀gá. Ọlọ́run á dá yín lọ́lá."

Ẹ̀yin ará, ó dúpẹ́! Ẹnu ọ̀nà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ti sọ iye oṣù náà fún un.

Mo lọ sílé, mo jẹ ẹ̀wà. N kò sunkún. Ẹ mọ bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń kú tí èèyàn á sì tún máa fi rìn. Bí gbogbo ara mi ṣe rí nìyẹn.

Ilẹ̀ mọ́, Sàlámọ̀ ìyàwó Làmídì, tó ń ránṣọ, wá bá mi. "Akọ̀wé mi, gbogbo ìwé tẹ́ ẹ kà yìí, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ṣé ẹ ó máa fi fẹ́ iná ni?"

Mo jókòó, mo kọ ìwé kòtẹ́milọ́rùn. Akọ̀wé kóòtù tó gbà á lọ́wọ́ mi ní: "Ẹ̀gbọ́n yín? Ẹni tó ní kò tó òun yẹn? Ó tún ń fẹ́ sí i?" Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìwé náà sọnù. Mo kọ òmíràn. Ìyẹn náà sọnù. Sàlámọ̀ ń gbé oúnjẹ lọ sí ẹ̀wọ̀n, wọ́n ní ọkọ rẹ̀ ti lọ sójú ọ̀nà. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní ìṣirò. N kò ro nǹkan kan.

Ìgbà tó yá la gbọ́ pé ìwé alátàǹpàkò ti dé òkè òkun, àti pé àwọn ìjọba ọ̀hún ti ń béèrè bí wọ́n ṣe ń dájọ́ ní ilẹ̀ wa. Halelúyà! Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n rí ìwé mi méjèèjì. N kò sọ pé kì í ṣe Ọlọ́run. Ọlọ́run náà mọ ọ̀nà ilé ìfìwéránṣẹ́.

Ọjọ́ ẹjọ́ pé, adájọ́ àgbà wọ awò ojú, ó ka àkọsílẹ̀. Ó tún un kà. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dájọ́. N kò rí ẹni tó tọrọ ẹ̀wọ̀n sí i rí."

Sàlámọ̀ dìde. Ọlọ́pàá ní kó jókòó. Adájọ́ ní kó sọ̀rọ̀, kí èmi sì máa túmọ̀ rẹ̀.

"Ọ̀gá, aṣọ ni mò ń rán. Bí oníbàárà mi bá ní ẹ̀wù kan kò tẹ́ òun lọ́rùn, ṣé kí n tún rán irú rẹ̀ kan kún un ni? Ṣebí màá tú u ni!"

Mo túmọ̀ rẹ̀. Adájọ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ nù. Ó ní: "Ẹ tú u, nígbà náà."

Wọ́n tú u sílẹ̀! Ògo! Ìka rẹ̀ kan kò ká mọ́, òkúta ló bà á jẹ́, ṣùgbọ́n ó wà láàyè, ó ń tajà. Ọlọ́run, a dúpẹ́. A tún dúpẹ́.

Ìwọ tí ọ̀rọ̀ rẹ wà lórí tábìlì ẹnì kan lónìí, má sọ̀rètí nù. Kọ ọ́. Bó bá sọnù, tún un kọ. Bí o kò bá gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń dá ọ lẹ́jọ́, béèrè. Bí o bá sì gbọ́ ọ, sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ń sọ káàkiri ìlú pé ìwé tí mo kọ ló yọ òun. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, kí n wí i lójú yín. Lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí kọmandá béèrè bóyá ohun tẹ́ ẹ sọ nìyẹn, èmi ló ń wò. Ó mọ̀ pé mo gbọ́ èdè méjèèjì. Mo mọ ohun tẹ́ ẹ sọ.

Mo mi orí.