Okùn Ìgbòkun Tí Mo Gé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ní orúkọ. Èmi kì í tètè fọkàn tán ènìyàn, mi ò sì lè bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀yin tí mi ò rí sójú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí nínú láti bí ọdún mẹ́wàá. Lóṣù tó ń bọ̀, ọmọkùnrin mi fẹ́ gbé ọmọ Húnsù, tí a jọ ń pẹja nígbà kan, níyàwó, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo ba apá Húnsù jẹ́.

Apẹja ni mí ní etí omi Ọ̀jọ́. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wa nígbà náà. Ọ̀gá kan wá bá wa láti ilé iṣẹ́ ìjọba. Ó ní èéfín ẹ́ńjìnnì wa wà lára ohun tó ń mú ayé gbóná, pé bó bá yá, òkun á kún wọlé bá wa. Ó ní ká máa ta ìgbòkun, aṣọ tí atẹ́gùn fi ń gbé ọkọ̀ lọ, tí atẹ́gùn bá dára, ká pa ẹ́ńjìnnì. Ó fún ọkọ̀ mẹ́rin ní ìgbòkun lọ́fẹ̀ẹ́ láti fi dán an wò.

Lọ́fẹ̀ẹ́ kẹ̀! Mo ní àwọn ọkọ̀ ńláńlá tó ń wọ́ ẹja lójú òkun ńkọ́, ṣé omi ni wọ́n ń bù sínú tiwọn? Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Ìgbà tí mo tún rí i pé wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sára ìgbòkun kọ̀ọ̀kan, mo ní ó parí. Ilé tí wọ́n bá fẹ́ wó ní Òkókómáíkò, ọ̀dà pupa náà ni wọ́n fi ń kọ nǹkan sí i lára. Ọ̀gá náà ní kí òun lè mọ iye epo tí ìgbòkun bá ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan fi pamọ́ ni. Mi ò gbà á gbọ́.

Húnsù ní tirẹ̀ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gùn ni, mo mú un bí àbúrò. Bàbá rẹ̀ ti ta ìgbòkun rí, ó sì kọ́ ọ. Kò ju oṣù kan lọ tí àwọn yòókù fi bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè tiwọn. Ẹ̀rù bà mí pé gbogbo wa ti fẹ́ kó sí pańpẹ́.

Lọ́jọ́ Sunday kan, nígbà tí Húnsù àti ará ilé rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀. Mo fi ọ̀bẹ gé okùn tó di òpó ìgbòkun mú dé ìdajì, mo sì yí ojú ibẹ̀ sábẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Mo rò pé etí omi ló máa já sí, ká rẹ́rìn-ín, kí ọ̀rọ̀ ìgbòkun tán síbẹ̀.

Àárín ọ̀sà ló ti já, omi sì gbé okùn náà lọ. Òpó wó lu Húnsù lápá ọ̀tún. Apá náà ò ṣeé gbé sókè mọ́ títí dòní.

Ní ìpàdé, èmi akọ̀wé ni mo bi í pé, "Ta ló so okùn?"

Ó ní, "Èmi ni, ẹ̀gbọ́n. Bóyá mi ò so ó dáadáa."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kó ìgbòkun yòókù lọ. Húnsù di ẹni tó ń ṣọ́ géètì ní Ẹ́sítéètì Ìbà. Ó gbà pé òun lòun ṣe ara òun. Títí di ìsinsìnyí, kò ní so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ kó má pe ìyàwó rẹ̀ wá wò ó.

Láyé ọ̀wọ́n epo yìí, ẹ́ńjìnnì wa ń sùn nílẹ̀ ni. Tí mo bá wo tèmi, ojú á tì mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a lọ mọ̀ wọ́n nílé. Húnsù dìde láàárín ẹbí. Ó ní òun ò ro ó lẹ́ẹ̀mejì kí òun tó fún wa lọ́mọ, pé nígbà tí apá òun kán, èmi ni mo kọ́kọ́ dé ọsibítù, tí mo jókòó ti òun fún ọjọ́ mẹ́ta.

Òótọ́ ni, mo jókòó. Mo lọ ṣọ́ ọ ni, kí n lè mọ̀ bóyá ó rí ojú ibi tí mo gé.

Mo tún ti ń fura báyìí. Ṣé ó mọ̀ ni, tó ń fi ọ̀rọ̀ gún mi lára? Àbí ó fẹ́ràn mi lóòótọ́? Mi ò mọ èyí tó burú jù. Tí mo bá jẹ́wọ́, ọmọ mi lè pàdánù ìyàwó. Tí mo bá dákẹ́, Húnsù á fi ọwọ́ òsì súre fún wọn lójú gbogbo ayé, torí ọ̀tún ò ṣeé gbé. Ẹ̀yin òbí tó ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹnu wo ni kí n fi ṣe àmín?