Ilé Òkúta Tí Múfú Rẹ́

Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, tí Aylesbury, àdúgbò wa ní London, ṣì kún fún èèyàn wa, kò sẹ́ni tó ń fọ́nnu bíi Múfú, àbúrò ìyàwó mi. Poly ló ti kọ́ṣẹ́ ilé kíkọ́. Á ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sí ògiri tó lè fi nǹkan pamọ́ fún mi." Èmi náà lọ poly, ẹ gbọ́, ṣùgbọ́n accounts ni mo kà.

Òun ló ń bá màmá òyìnbó kan gé koríko, lọ́nà Lewisham lọ́hùn-ún. Ilé òkúta ni ilé ìyá yẹn... òkúta lásán, láti ìpìlẹ̀ dé òkè. Wọ́n gbẹ́ òdòdó sára òkúta yí ẹnu ọ̀nà po. Ẹni tó gbẹ́ ẹ ti kú kí bàbá-bàbá màmá náà tó dáyé.

Màmá wá ṣubú, ó dèrò hospital, ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún Múfú. Múfú yí ilé po, ó mirí. "Ẹ wò ó, owó ló tán lọ́wọ́ wọn. Wọn ò rí ilé yìí rẹ́." Ṣé ẹ mọ̀ pé nílé, ilé tí a ò rẹ́, ìtìjú onílé ni?

Mo ní, "Ṣé kò sàn kó o bi í?"

"Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì? Ẹ jẹ́ kó bá a lójijì."

Ló bá po sìmẹ́ǹtì. Ó rẹ́ ojú ilé, ó dán bí àwo. Òdòdó wọ abẹ́ sìmẹ́ǹtì lọ. Ó tún fi ọ̀dà funfun kùn ún. Ẹ̀yin tòde òní ì bá ti ya fọ́tò ránṣẹ́ sí màmá kí sìmẹ́ǹtì tó gbẹ. Nígbà yẹn, ta ló ní irú fóònù bẹ́ẹ̀?

Táksí gbé màmá dé. Ó ní kí dírẹ́bà máa lọ, ilé òun kọ́ nìyí. Dírẹ́bà fi nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà hàn án...

Ó sọ̀kalẹ̀, ó fọwọ́ pa ibi tí òdòdó wà. "Múfú, council ò gbà kí n kan ìṣó mọ́ ilé yìí, torí ilé àtijọ́ tí òfin ń dáàbò bò ni. Tí wọ́n bá rí èyí, kóòtù ni, èmi àtìwọ. Ìwọ lo fi í síbẹ̀, ìwọ ni wàá ṣí i kúrò."

Gbogbo Saturday, tí a bá ń ta ayò ní Peckham Rye, Múfú wà lórí àkàbà pẹ̀lú òòlù kékeré. Màmá, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, á jókòó sẹ́yìn rẹ̀, á máa mu tíì. "Díẹ̀díẹ̀, Múfú. Àgbà ni òkúta yẹn."

Ẹ̀yin ọmọ, kẹ́ ẹ tó tún ilé onílé ṣe, ẹ bi onílé bóyá ó bàjẹ́.

Mo lọ wò ó lọ́jọ́ kan. Ewé òdòdó kan ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú. Mo ní, "Múfú, ṣé ògiri yìí fi nǹkan pamọ́ fún ẹ ni?"

Ó fẹ́ eruku kúrò lára ewé náà, ó sún àkàbà síwájú díẹ̀.