Mọ́nítọ̀ Tí Mo Yàn fún Àbúrò Mi

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, kò dà nínú mi. Ẹ jẹ́ kí n bì í jáde báyìí, bó ti wù kó rùn tó. Gbogbo ẹni tó mọ ìdílé wa ló gbà pé ojú tó ń ṣàìsàn ló lé àbúrò mi kúrò nídìí iṣẹ́ fọ́tò. Irọ́ ni. Èmi ni mo lé e. Nǹkan kan kò ṣe ojú ẹ̀ rí.

Àwa méjèèjì la jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé fọ́tò kan tó wà lókè ilé ìtajà aṣọ. Èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀, èmi náà ni mo mú àbúrò mi obìnrin, tá à ń pè ní Kékeré nílé, wọ ibẹ̀. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tún fọ́tò ṣe lórí kọ̀ǹpútà, bí wọ́n ṣe ń pa àpá rẹ́, bí wọ́n ṣe ń mú kí àwọ̀ ara èèyàn jáde bó ṣe rí gan-an. Kí ọdún méjì tó pé, ọmọ náà ti kọjá mi. Á wo aṣọ dúdú méjì tí mo rí bákan náà, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, aró díẹ̀ wà nínú èyí." Òótọ́ ló sì máa ń jẹ́. Àwọn oníbàárà á wọlé, wọ́n á kí mi tán, wọ́n á na ọrùn wo ẹ̀yìn mi: "Àbúrò yín ńkọ́? Òun la fẹ́ kó ṣe tiwa." Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Màá sì pè é fún wọn.

Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gá pè wá, ó ní òun fẹ́ ṣí ilé fọ́tò kejì, ọ̀kan nínú wa ló máa ṣe olórí ibẹ̀, iṣẹ́ oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀ lòun á fi mọ ẹni tó yẹ. Ó ní mọ́nítọ̀ wa, ìyẹn ojú kọ̀ǹpútà tá à ń wò, ti gbó, kí n lọ yan méjì tuntun wá. "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n yàn," bẹ́ẹ̀ ló wí. Lóòótọ́, mo mọ̀ ọ́n yàn. Bí n kò bá mọ̀ ọ́n yàn ni, ǹ bá sọ pé mo ṣèèṣì.

Ọkùnrin tó ń ta kọ̀ǹpútà tan bíi mẹ́wàá sílẹ̀ lórí tábìlì gígùn kan. Ó fi ọ̀kan hàn mí tí ojú ẹ̀ kì í dán, tí àwọ̀ orí ẹ̀ kì í yí padà béèyàn bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́ tàbí láti òkè. Mo mú ìyẹn fún ara mi. Mo wá nàka sí òmíràn ní ìkángun tábìlì, tó ń dán bíi dígí, tí pupa orí ẹ̀ ń ta síni lójú. Ọkùnrin náà mi orí. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé fọ́tò náà lẹ fẹ́ fi eléyìí ṣe? Àwọn tó ń ṣe géèmù ló ń rà á. Ẹ gbé orí sókè díẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó. Ṣé ẹ rí i? Funfun ẹ̀ ti di nǹkan míì." Mo ní, "Mo rí i. Ẹ bá mi dì í." Ó wò mí títí, ó wá bá mi dì í.

Nígbà tí Kékeré rí i, ṣe ló dì mọ́ mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, tèmi lẹ jẹ́ kó rẹwà ju tiyín lọ!" Bó bá ti jáde lọ jẹun ọ̀sán, màá tẹ àwọn bọ́tìnì ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ náà, màá fi àwọ̀ aró kún funfun ẹ̀, díẹ̀díẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kó lè mọ́ ojú ẹ̀ lára. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń gbé lé ojú mọ́nítọ̀ láti fi wọn àwọ̀. Òun ló lè tú mi fó. Mo tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ mi, mo ní ó ti bàjẹ́. Bí aró ṣe ń pọ̀ lójú mọ́nítọ̀ ni Kékeré ń fi pupa rúsúrúsú kún fọ́tò kó lè gún, bí wọ́n bá sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, rúsúrúsú ni gbogbo ẹ̀ ń jáde. Aṣọ ìyàwó di àwọ̀ bọ́tà. Ìyá ọmọ tuntun kan pè wá lórí fóònù, ó ń pariwo, "Ta ló sọ fún yín pé ọmọ mi ń ṣàìsàn?" Ọ̀gá fi Kékeré ṣẹ̀sín lójú àwọn oníbàárà. Mo gbọ́wọ́ lé e léjìká, mo ní, "Pẹ̀lẹ́." Ẹ ò rí i pé ìkà ni mí?

Lọ́jọ́ kan, ó gbé fọ́tò kan náà sórí mọ́nítọ̀ méjèèjì. Ó wo tèmi, ó sáré lọ wo tiẹ̀, ó sáré padà. "Ẹ̀gbọ́n mi, níbí ó rí rúsúrúsú, lọ́hùn-ún ó funfun. Àbí mọ́nítọ̀ mi ni?" Mo dìde, mo lọ bẹ̀rẹ̀ síwájú tiẹ̀, mo wò ó dáadáa. Funfun ni mo rí. Mo ní, "Kékeré, rúsúrúsú ni níbí náà. Kò sí ìyàtọ̀ kankan." Ọmọ náà jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bàbá wa fọ́jú nígbà tí Kékeré ṣì kéré. Bí àwọ̀ ṣe ń dàrú mọ́ ọn lójú ló ṣe bẹ̀rẹ̀. "Ṣé ojú Bàbá ló fẹ́ mú mi?" Ohùn ẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ. N kò dá a lóhùn, mo mọ ohun tí dídákẹ́ mi máa ṣe fún un.

Ó lọ rí dókítà ojú. Ó padà dé tòun tẹ̀rín: "Wọ́n ní ojú mi dá ṣáṣá!" Ibẹ̀ ni mo ti ṣe èyí tó burú jù. Mo fa àga sún mọ́ ọn, mo ní, "Kékeré, ohun tí dókítà sọ fún Bàbá náà nìyẹn lọ́dún àkọ́kọ́." Kò sí dókítà tó sọ bẹ́ẹ̀ fún Bàbá. Ó kéré nígbà náà, kò lè mọ̀. Mo ń wo ojú ẹ̀ bí ẹ̀rín yẹn ṣe ń kúrò níbẹ̀.

Kò wá síbi iṣẹ́ mọ́. Mo di olórí. Káfíńtà tó fẹ́ fẹ́ ẹ wá bá mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀. "Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun kò ní bí ọmọ tí òun kò ní lè rí, pé òun kò ní sọ mí di ẹni tó ń fa afọ́jú kiri." Mo ní kó ṣe sùúrù. N kò bá a bẹ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ọdún méjì, ọkùnrin náà fẹ́ ẹlòmíràn.

Lóṣù tó kọjá, mo yà kí Kékeré láìsọ tẹ́lẹ̀. Ọ̀sán gangan ni. Mo bá a nídìí abọ́, ó ń fọ àwo, ó dijú pa, ó ń fọwọ́ wá ibi tó máa tò wọ́n sí. Mo pè é, kò lajú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó. Mo ń kọ́ bí afọ́jú ṣe ń ṣe ni. Wákàtí kan lójúmọ́ ni mo ń ṣe é, kí n má baà di ẹrù fún yín lọ́jọ́ tó bá dé." Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ tí mo jókòó sí níbẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀: ilé ìtajà kọ̀ǹpútà, bọ́tìnì, dúrọ́ọ̀, dókítà. Kò pariwo. Ó nu ìka ọwọ́ ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi. "Mo ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, ẹ̀gbọ́n mi."

Mo ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, mo sì ti sọ fún Ọ̀gá, mo ti sọ fún ìyá wa, tí kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà. N kò rán ẹnikẹ́ni láti bá mi bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́, bí ẹni tẹ́ ẹ kọ́ bá mọ̀ ọ́n jù yín lọ, ó máa dùn yín. Ẹ wá kọ̀rọ̀ kan sunkún sí, kẹ́ ẹ fi ojú ọlọ́jú sílẹ̀ fún un. Kékeré, bí ìwé yìí bá dé ọwọ́ rẹ, n kò ní wá títí o ó fi pè mí, bó ò bá sì pè mí láé, o kò jẹ̀bi. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́: jọ̀ọ́, má dijú mọ́.